Ẹsẹ Ifá Nínú Àká Kọ̀ǹpútà: Àríwísí Lórí Àwòṣe Dátà Kan

Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbé ìwé kan wá fún wa pé ká bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Àwòṣe dátà ni wọ́n pè é. Ètò kan ni, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà irú ohun tí yóò gbà sínú àká, orúkọ àyè tí a ó fi ohun kọ̀ọ̀kan sí, àti irú nǹkan tó gbọ́dọ̀ wà nínú àyè náà, bóyá ọ̀rọ̀ ni o, bóyá nọ́ńbà ni, bóyá ọjọ́ ni. Ẹsẹ Ifá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo ni wọ́n fẹ́ kó sínú àká yìí. A ò ní dárúkọ wọn, nítorí ètò tí ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ jókòó ti irú iṣẹ́ yìí lè yà ni wọ́n yà. Ìdí nìyẹn gan-an tí a fi rò pé ó yẹ ká sọ èrò wa ní gbangba dípò ká sọ ọ́ sí wọn létí nìkan.

Ẹlòmíì á ní, kí ló kan awo nínú ọ̀rọ̀ àyè àti irú dátà? Ó kàn wá púpọ̀. Ní 2005 ni UNESCO kéde ètò Ifá dídá gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008. Ọmọ awo tó wà ní London tàbí ní Havana lónìí lè má rí ojúgbọ̀nà tí yóò jókòó tì lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ ni irú wọn á kọ́kọ́ bi. Bí ẹ̀rọ bá dá a lóhùn pé ẹsẹ báyìí kò sí, yóò gbà pé kò sí. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹni tó ya àyè ni kò fún ẹsẹ náà ní ibi tí yóò jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yìn wọ́n níbi tí ìyìn tọ́ sí wọn. Àká tí wọ́n yàn kì í ṣe onílà àti òpó bí ìwé owó-orí, níbi tí gbogbo ìlà ti gbọ́dọ̀ ní iye àyè kan náà. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní document database ni. CouchDB tó jáde ní 2005 wà lára irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni MongoDB tó jáde ní 2009, èyí tí wọ́n lò. Nínú irú àká báyìí, ìwé kọ̀ọ̀kan dá dúró pẹ̀lú àyè tirẹ̀. Ìwé kan lè ní àyè mẹ́rin kí èkejì ní mẹ́wàá, àyè kan sì lè tún ní àwọn àyè kéékèèké mìíràn nínú. Èyí bá ẹsẹ Ifá mu dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1976 pé ẹsẹ lè ní tó apá mẹ́jọ: orúkọ awo tó dífá, ẹni tí a dífá fún, ìdí tí a fi dífá, ohun tí wọ́n ní kó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, bí inú ẹni náà ti rí lẹ́yìn náà, àti ọ̀rọ̀ ìparí. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ ló ní gbogbo rẹ̀. Bí a bá to èyí sínú ìwé onílà, òfìfo ni yóò pọ̀ jù níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé àká tí kì í fi dandan bèèrè ètò lọ́wọ́ èèyàn, kò nílò ètò. Ìwé 256 ni wọ́n ṣe, odù kan, ìwé kan. Àyè mẹ́fà ló wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà odù, orúkọ odù, rere tàbí burúkú, ẹsẹ, ẹbọ, èèwọ̀. Ó mọ́ tónítóní lójú. Ẹ bá wa tú u wò.

Láti orí nọ́ńbà. 1 títí dé 256 ni, òun náà ni wọ́n sì fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀. Nọ́ńbà ta ni? Nínú ètò tí ọ̀pọ̀ awo ń kà, Ìrosùn ló wà ní ipò karùn-ún, Ọ̀wọ́nrín ìkẹfà, Ọ̀bàrà ìkeje, Ọ̀kànràn ìkẹjọ. Nínú ètò tí Bascom gbà sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tó wà nínú ìwé rẹ̀ ti 1969, Ọ̀bàrà ni ìkarùn-ún, Ọ̀kànràn ìkẹfà, Ìrosùn ìkeje, Ọ̀wọ́nrín ìkẹjọ. Ìrẹtẹ̀ tó jẹ́ ìkẹrìnlá níbòmíràn, ìkọkànlá ni níbẹ̀. Bí olùtẹ̀ kan bá wá kó ẹsẹ Ọ̀bàrà Méjì láti Ifẹ̀ wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà 5, inú ìwé Ìrosùn Méjì ló kó o sí. Ẹ̀rọ ò ní bá a wí, nítorí nọ́ńbà ni wọ́n ní kó máa retí, nọ́ńbà náà ló sì rí.

Odù ní ìdánimọ̀ tí ìlú kankan kì í yí padà, òun ni ojú rẹ̀ tí a ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn. Àwọn Fọ̀n ń pe Ogbè Méjì ní Gbe-Meji. Ní Cuba, Ojuani ni wọ́n ń pe Ọ̀wọ́nrín, Oche ni wọ́n ń pe Ọ̀sẹ́. Ẹnu ló yàtọ̀, ojú odù ò yàtọ̀. Èyí ló yẹ kó jẹ́ ìdánimọ̀ ìwé: àmì mẹ́jọ tí a kọ tẹ̀lé ara wọn, 1 fún ojú ẹyọ kan, 2 fún ojú méjì, apá ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó kan apá òsì. Èjì Ogbè á jẹ́ 11111111, Ìwòrì Méjì á jẹ́ 21122112, Ogbè-Yẹ̀kú á jẹ́ 11112222. Dandan ni kí ètò náà sọ apá tí a kọ́kọ́ kà. Ẹni tó bá ń kà á ní ìbú, tó mú ọ̀kan lọ́tùn-ún, tó tún mú ọ̀kan lósì, 12121212 ni yóò kọ fún Ogbè-Yẹ̀kú, Ọ̀sẹ́ Méjì sì ni ẹ̀rọ yóò kà á sí. Ẹ sì má jẹ́ kí irú àyè yìí jẹ́ nọ́ńbà. Àwọn kan fẹ́ràn láti fi 0 dípò 2. Bí wọ́n bá kọ Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè ní 00001111 sínú àyè nọ́ńbà, àwọn òdo iwájú á pòórá, á ku 1111. Ọ̀yẹ̀kú Méjì fúnra rẹ̀ á di 0 lásán. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni kí irú àyè náà jẹ́, kó má ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, kó má sì dín.

Ti orúkọ ò gùn. Kí orúkọ máa wà, ṣùgbọ́n kó jẹ́ àtòpọ̀, nítorí Èjì Ogbè, Ogbè Méjì àti Èjìogbè, odù kan náà ni. Kí wọ́n sì kíyè sí àmì ohùn. Nínú Unicode, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹ tó ní àmì lórí. Ńṣe là ń kó o jọ. Ẹnìkan lè tẹ ẹ kó tó fi àmì òkè sí i, ẹlòmíì á tẹ é kó tó fi ẹ̀ka ìsàlẹ̀ sí i. Lójú wa bákan náà ni wọ́n, lójú ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹni tó bá wá Ọ̀sẹ́ lè bá òfìfo nígbà tí Ọ̀sẹ́ kún inú àká. Kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà ìkọ kan kó tó wọlé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bọ́ àmì rẹ̀ kúrò fún ìrọ̀rùn ìwákiri, àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kó wà, kó má gba ipò èyí tó ní àmì.

Àyè kẹta, rere tàbí burúkú, kí wọ́n fà á ya. Bẹ́ẹ̀-ni-tàbí-bẹ́ẹ̀-kọ́ ni wọ́n fi ṣe irú rẹ̀. Kò sí odù tó jẹ́ burúkú látòkèdélẹ̀. Ìbò tí ẹni tó wá dífá mú dání ló ń sọ bóyá ire ni odù náà gbé wá fún un ní ọjọ́ náà tàbí ibi, ìbò náà ló sì ń sọ irú ire tàbí irú ibi tó jẹ́. Ti ìjókòó ni èyí, kì í ṣe ti odù. Ọmọ tó bá fi ẹ̀rọ yìí kọ́ṣẹ́ á máa já àyà àwọn èèyàn lórí òfo.

Ọ̀rọ̀ wá délẹ̀ wàyí, ó kan ẹsẹ. Wọ́n kó gbogbo ẹsẹ odù sínú ìwé odù náà bí àtòpọ̀, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀rọ̀ gbọọrọ tí kò ní ìpín. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìwọ̀n: MongoDB kì í gba ìwé tó bá ju mẹ́gábáìtì 16 lọ. Ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan lè má tètè kún un. Ohùn ń kọ́? Ìṣẹ́jú kan péré ohùn tó dára tí a kò fún pọ̀ á tó mẹ́gábáìtì 10. Bí awo kan bá sun ìyẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, tí wọ́n bá kó o sínú ìwé Èjì Ogbè, ó ti kún àkúnya. Ọ̀nà wà láti kó ohùn sí ibòmíràn kí a sì tọ́ka sí i, ìyẹn ò sì ṣòro.

Àmọ́ ìwọ̀n kọ́ ló dùn wá. Ohun tó dùn wá ni pé nínú ètò yìí, odù ló ni ẹsẹ, kò sí ẹni tó sọ ọ́. Ẹnu èèyàn la ti ń gbọ́ ẹsẹ. Èèyàn náà ní orúkọ, ó ní ìlú, ó ní ẹni tó kọ́ ọ nífá. Bí awo kan ní Ọ̀yọ́ àti awo kan ní Ìjẹ̀bú bá ki ẹsẹ tó jọra, tí orúkọ awo inú rẹ̀ yàtọ̀, tí ìparí rẹ̀ yàtọ̀, kí ni kí olùtẹ̀ ṣe? Wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé wọn: kó mú èyí tó pé jù, kó pa ìkejì rẹ́, kí àtúnwí má bàa wà nínú àká.

A ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló fún olùtẹ̀ láṣẹ? Èyí tó gùn ni yóò rò pé ó pé. Ohun tí bàbá kan fi ogún ọdún kọ́ lábẹ́ ojúgbọ̀nà rẹ̀, ọmọ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ á fi ìka kan pa á rẹ́, lórúkọ ìmọ́tótó. Ẹ wo ìwé Bascom ti 1980 lórí ẹẹ́rìndínlógún. Ẹnu ẹnìkan ṣoṣo, Sàlàkọ́ ará Ọ̀yọ́, ló ti gba ẹsẹ inú rẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ẹni tó ń kà á mọ ẹnu tó ti jáde. Ìwé àtẹ̀jáde tó ti pẹ́ tó báyìí mọ èyí, kí ló dé tí àká tuntun ò mọ̀ ọ́n?

Ohun tí a fẹ́ ni pé kí wọ́n yí i po. Kí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, bí awo kan ṣe kì í ní ọjọ́ kan, jẹ́ ìwé tirẹ̀. Kí ìwé náà ní àmì odù nínú. Kó tọ́ka sí ìwé mìíràn tó jẹ́ ti awo tó kì í, níbi tí orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ti ojúgbọ̀nà rẹ̀ wà, bó bá gbà pé kí wọ́n kọ ọ́. Bí ẹsẹ méjì bá jọra, kí àyè kan wà tí yóò so wọ́n pọ̀, kí ọ̀kan má jẹ ìkejì. Kí ọ̀rọ̀ ẹsẹ náà sì wà ní apá-apá, kí orúkọ apá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ tí a kà sókè yẹn. Èyí kì í ṣe àṣejù. Abímbọ́lá ti sọ pé apá mẹ́ta àkọ́kọ́ àti méjì ìkẹyìn ni awo kì í yí padà, pé mẹ́ta àárín ló lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ. Nítorí náà, bí ohùn méjì bá yàtọ̀ ní apá karùn-ún, ó lè jẹ́ bí ẹnu ṣe ń dùn sí ni. Bí wọ́n bá yàtọ̀ ní apá kìíní, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, ó tó nǹkan tí onímọ̀ ń jókòó wádìí. Nínú ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan ṣoṣo, ẹ̀rọ ò lè fi èyí hàn yín láéláé.

Ẹbọ ló kàn. Wọ́n ya àyè iye owó sínú rẹ̀, wọ́n sì ní kó jẹ́ nọ́ńbà. Awo wí pé ẹgbàá mẹ́ta, wọ́n tẹ 6000. Awo wí pé ọ̀kẹ́ kan, wọ́n tẹ 20000. Owó ẹyọ ni awo ń kà o, wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ tí wọ́n fi hàn wá, àmì náírà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 6000 yẹn, torí pé ẹni tó ṣe ojú ìwé ò mọ owó míì. Níbòmíràn nínú àpẹẹrẹ kan náà, olùtẹ̀ mìíràn kọ "ẹgbàá mẹ́ta" bí awo ṣe wí i. Àká gba méjèèjì, nítorí kò sí òfin tó ní kó má gbà á. Ẹ ní kí ó wá gbogbo ibi tí ẹbọ ti jẹ́ 6000, kò ní rí ìkejì. Ẹ ní kó tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, nọ́ńbà ni yóò kọ́kọ́ tò tán, kó tó kan ọ̀rọ̀, kódà kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀kàn kan ṣoṣo.

Èrò tiwa ni pé kí ohun kọ̀ọ̀kan nínú ẹbọ ní àyè mẹ́ta: ọ̀rọ̀ awo gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde, èyí tó jẹ́ dandan, iye rẹ̀ ní nọ́ńbà, bí ó bá ṣeé kà, àti ohun tí à ń kà, owó ẹyọ ni o, ẹyẹlé ni o, ìgbín ni. Bí iye bá takora pẹ̀lú ọ̀rọ̀ awo, ọ̀rọ̀ awo ni kó borí. Kí wọ́n sì fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹbọ tí wọ́n ní kí ẹni inú ìtàn rú àti ẹbọ tí awo yàn fún ẹni tó wá dífá lọ́dọ̀ rẹ̀. Méjèèjì wà nínú àyè kan náà báyìí. Ẹnìkan lókè òkun á ṣí i, á rí òbúkọ, á lọ ra òbúkọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà wà níbẹ̀, díẹ̀ ni. Irú ọjọ́ nínú MongoDB ń fẹ́ ọjọ́, oṣù, ọdún àti aago. Bí a bá mọ ọdún nìkan, tí wọ́n sì fi dandan tẹ 1968, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di 1 January 1968, ọ̀gànjọ́ òru, bí ẹni pé ẹnìkan ló wà níbẹ̀ tó ń wo aago. Kí wọ́n kọ ọdún sí àyè ọdún, kí irú ọjọ́ wà fún gbígbà-sílẹ̀ tí a mọ ọjọ́ rẹ̀ dájú.

Àyè èèwọ̀ ni a fi kẹ́yìn nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ó ṣófo nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọn. A bi wọ́n pé kí ni òfìfo yìí túmọ̀ sí, olúkúlùkù wí tirẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni àyè fi lè ṣófo. Ó lè jẹ́ pé kò sí èèwọ̀ nínú ohun tí awo sọ. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ kò bèèrè. Ó sì lè jẹ́ pé ó bèèrè, awo mọ̀ ọ́n, awo ò sọ. Nínú ètò wọn, àwọn kan kọ null sí i, àwọn kan fo àyè náà pátápátá. Nínú MongoDB, ẹni tó bá béèrè ìwé tí èèwọ̀ rẹ̀ jẹ́ null, àwọn tó ní null àti àwọn tí kò ní àyè náà rárá ló máa kó wá fún un pọ̀. Ọ̀nà wà láti yà wọ́n, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀ ló máa yà wọ́n. Onímọ̀ kan á wá ka àwọn òfìfo wọ̀nyí, á kọ ọ́ sínú ìwé pé odù báyìí-báyìí kò ní èèwọ̀. Awo tó pa ẹnu mọ́ nítorí ìmùlẹ̀ á wá dàbí awo tí kò mọ nǹkan kan.

Láti 2015 ni MongoDB ti fàyè sílẹ̀ fún òfin àyẹ̀wò, láti 2017 ló sì ti ń gba JSON Schema, tí a fi lè sọ pé àyè báyìí jẹ́ dandan, pé irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ báyìí, pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí nìkan ló lè wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n lò ó. Kí àmì odù jẹ́ dandan, kí awo tó kì í jẹ́ dandan, kí àṣẹ tí awo náà fi sílẹ̀ jẹ́ dandan. Kí àyè kan tẹ̀lé èèwọ̀ àti gbogbo apá tó bá lè ṣófo, tí kò ní gba ju ọ̀kan nínú mẹ́rin lọ: ó wà, kò ní, a kò bèèrè, awo kò sọ. Kí wọ́n má sì ṣe fi àyẹ̀wò náà sórí ìkìlọ̀, èyí tó máa ń jẹ́ kí ìwé tí kò pé wọlé kó tó kùn. Kí ó kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ti àṣẹ, kó wà lórí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lórí odù. Bí ètò wọn ti wà yìí, ẹni tó bá ṣí ìwé odù ti ṣí gbogbo rẹ̀, àfi bí ẹni tó kọ ètò bá ń rántí nígbà gbogbo láti fi ọwọ́ bo ohun tó yẹ kó bò. Ohun tí awo bá ní kò gbọdọ̀ jáde, a ò fẹ́ kọ́kọ́rọ́ lórí rẹ̀, kí wọ́n má kọ ọ́ síbẹ̀ rárá ni.

Lórí ọ̀rọ̀ kẹrin yẹn, awo kò sọ, àwa fúnra wa ò tíì fẹnu kò. Àwọn àgbà kan láàárín wa ní bí a bá kọ ọ́ síbẹ̀, a ti fi ibi tí ìṣúra wà han olè, pé òfìfo lásán sàn jù. Àwọn yòókù ní bí a kò bá kọ ọ́, a ti fi orúkọ àìmọ̀kan sọ awo tó pa àṣírí mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà ti gba ìwé wọn padà láti tún un yà, a sì ti ní kí wọ́n má kó ẹsẹ kankan wọlé kí a tó tún rí i. Ẹ̀yin awo tí ẹ bá ní èrò lórí ọ̀rọ̀ kẹrin náà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì kọ ìlú yín sí i.